Àgbébọ̀ àti Ewé Ẹ̀gẹ́

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi ń bọ̀ o!
Kó máa bọ̀, etí wa ti ṣí!

Ó dá lórí Àgbébọ̀ àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀rùn mú lọ́dún náà. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n jẹ tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tán. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jẹ gbúre tán. Lọ́jọ́ kẹta, ebi di ẹkún.

Ewúrẹ́, aládùúgbò wọn, gbọ́ ẹkún náà, ó sì já ewé ẹ̀gẹ́ tútù wá.

Àgbébọ̀ bi í pé, "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan?"

"Èmi náà ṣáà ń jẹ ẹ́!"

Àgbébọ̀ já ewé náà wẹ́wẹ́ fún wọn. Àbígbẹ̀yìn ti sùn, ìyá rẹ̀ kò sì fẹ́ jí i. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ àkọ́bí kò gbà á mọ́, ó ṣubú. Èkejì náà mí gúlegúle, ó dákẹ́. Àgbébọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọmọ mi, ẹ dìde o,
Àgbébọ̀, pẹ̀lẹ́.
Oúnjẹ ni mo pè é o,
Àgbébọ̀, pẹ̀lẹ́.
Ọwọ́ mi ni mo fi fún yín o,
Àgbébọ̀, pẹ̀lẹ́.

Ewúrẹ́ kúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé inú tiyín ò lè gbà á."

"Oore lo fẹ́ ṣe. Èmi ni mi ò béèrè lọ́wọ́ adìyẹ bíi tèmi."

Ibẹ̀ ni àbígbẹ̀yìn ti jí. Ó ní, "Màámi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi dà?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, Àgbébọ̀ fà á mọ́ra sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi dúró sí.