Ọwọ́ Tó Pẹ́ Dé Orí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ń kọ́kọ́ ṣe tó bá dé àgbàlá àgbà? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. A ó béèrè àlàáfíà aya àti ọmọ, a ó mu omi tí wọ́n bá gbé fún wa, lẹ́yìn náà la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tó gbé wa dé. Kò sí àléébù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi í sọ́kàn bí a ti ń bá ìtàn yìí lọ, nítorí ìkíni tó dára yìí gan-an ló kó bá Oyèníran, olùkọ́ kan ní Iléṣà, tó sì gba ohun kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tí kò ṣe é dá padà.

Baba Dírẹ́bà ni àdúgbò ń pe bàbá náà. Nígbà èwe rẹ̀, ọdún mọ́kànlá ló fi wa ọkọ̀ fún dókítà kan. Ọkọ̀ dókítà náà kì í ṣe ayọ́kẹ́lẹ́ lásán. Ayọ́kẹ́lẹ́ asáré ni. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní bíi ti ọkọ̀ onídìílé, ṣùgbọ́n ó fi àyà sún mọ́lẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku, bó bá sì kan òkè Èfọ̀n, á máa gùn ún bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀. Kọ́nà kan wà lókè yẹn tí dókítà ti máa ń ní kó dúró. Àwọn méjèèjì á bọ́ sílẹ̀, wọn á sì wo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ nísàlẹ̀.

Nísinsìnyí, ojú bàbá ti ń ṣú. Oníṣègùn ojú ti pe Oyèníran sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí ọyẹ́ tó mú dáadáa, ìmọ́lẹ̀ tó kù níbẹ̀ yóò ti lọ, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà. Oyèníran wá bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tó wù ú láti rí.

"Gbé mi lọ sí kọ́nà òkè Èfọ̀n," ni bàbá dáhùn. "Nínú irú ọkọ̀ yẹn, níwájú. Má fi bọ́ọ̀sì gbé mi lọ o. Nínú bọ́ọ̀sì, ìpàkọ́ ènìyàn nìkan ni màá rí."

Oyèníran wá irú ọkọ̀ náà káàkiri títí ó fi gbọ́ pé Alàgbà Adétùnmbí ní Òṣogbo ń ta ọ̀kan tó ti lé lógún ọdún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀, bàbá pè é jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Àlòkù asáré dà bí àgbà tó ń wá ìyàwó," ni bàbá wí. "Ohun tó ń fi hàn ọ́ kọ́ ni kó o wò, ohun tó fi aṣọ bò ni. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á kò rà á láti máa rọra lọ. Nítorí náà, kúnlẹ̀ kó o wo abẹ́ ilẹ̀kùn bóyá ó ti dípẹtà. Ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè kó o gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, omi ti ń wọlé. Wo táyà: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ ju èkejì lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gún. Fi ọ̀dà ilẹ̀kùn kan wé ti èkejì nínú oòrùn. Fa géèjì ọ́ìlì yọ, bó bá rí bí ògì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, máa bọ̀ nílé. Kó o sì rí i pé nọ́ńbà ara ọkọ̀ bá ti inú ìwé mu."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"O ò tíì gbọ́ o. Ẹ̀yìn ni gbogbo ìyẹn wà. Bó o bá ti wọlé, fi àtẹ́lẹwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kó o tó kí onílé. Bó bá tutù, ní kí wọ́n tan án lójú rẹ. Bó bá gbóná, padà sílé, kó o lọ lọ́jọ́ mìíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàìsàn, ìgbà tó bá jí ló ń wúkọ́. Bó bá ti gbóná tán, kò ní jẹ́wọ́ mọ́."

"Kí n tó kí àgbà, Bàbá?"

"Kó o tó kí àgbà."

Oyèníran rẹ́rìn-ín. Ó rò pé bàbá ń ṣàwàdà ni.

Nígbà tó dé Òṣogbo láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò fẹ́ bá àgbà lójijì. Ó fi fóònù pe Alàgbà láti gáréèjì. "Ẹ káàárọ̀, sà. Mo ti wọ̀lú o."

"Ọmọ dáadáa," ni Alàgbà dáhùn. "Máa bọ̀, rọra, má kánjú."

Ọkọ̀ náà wà nínú ọgbà, ó pupa bí osùn, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Alàgbà jókòó sórí àga, kò ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ sí i. Ọwọ́ ọ̀tún Oyèníran tilẹ̀ ti gbéra sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wo ọkọ̀, ó wo irun funfun orí Alàgbà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ọmọ mi. Ilé ńkọ́? Ta ni bàbá rẹ ní Iléṣà?" Wọ́n gbé omi wá, wọ́n gbé bísíkíìtì wá. Alàgbà béèrè ọmọ, ó béèrè iṣẹ́, ó gbàdúrà. Nígbà tí ọwọ́ Oyèníran fi máa kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ti wọlé.

"Ó gbóná díẹ̀, sà."

"Kí ni kò ní jẹ́ kó gbóná? A ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni. Àbí o rò pé a gbé e síbẹ̀ fún adìyẹ láti yé sí?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Oyèníran náà rẹ́rìn-ín. Ẹnu wo ni yóò fi sọ fún arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ súre fún un pé òun kò gbà á gbọ́? Ó wá ṣe gbogbo ohun yòókù bí bàbá ti là á sílẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀kùn dára, kápẹ́ẹ̀tì gbẹ, nọ́ńbà bára mu. Ọ́ìlì mọ́ bí oyin. Kò bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti lé lógún ọdún fi mọ́ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí i. Nígbà tó fẹ́ ṣí ìdérí rádíétọ̀ láti wo omi rẹ̀, Alàgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má ṣí i o. Ó gbóná, yóò bó ọ lójú." Òótọ́ sì ni.

Ó rà á. Nígbà tó délé, bàbá fi ọwọ́ pa ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló béèrè: "Ṣé ó tutù nígbà tó o dé ibẹ̀?"

"Wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni."

"Kí lòní?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá."

Bàbá mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ náà jẹ́wọ́. Ó gbọ̀n, ó wúkọ́, èéfín funfun sì ń rọ́ jáde látinú sàlẹ́ńsà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ó gbóná, ìwúkọ́ rẹ̀ sì dáwọ́ dúró. Oyèníran sọ fún ara rẹ̀ pé yóò ṣáà gbé wọn dé òkè. Ọyẹ́ ti sún mọ́lé.

Ní Sátidé, wọ́n gbéra. Bàbá jókòó níwájú, ó fi ọwọ́ lé orí orúnkún bíi pé òun ló ń wà á. Ní àárín òkè, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó sì gòkè tán. Ooru yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ dúró.

"Kọ́nà mélòó ló kù?" ni bàbá béèrè.

"Méjì, Bàbá."

Eékún bàbá kò lè gun kọ́nà kan. Nígbà tí wọ́n fi máa rí ọkọ̀ tó dúró fún wọn, oòrùn ti wọ̀, ojú bàbá kì í sì í rí ohunkóhun mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Rábíù mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì náà, ó sì fi gáskẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó ń dí omi mọ́, han Oyèníran, bó ti jó ní ẹ̀gbẹ́ kan tí omi fi ń jò wọlé. "Èyí kì í ṣe ti òní o, Tíṣà." Irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nílẹ̀ mọ́, "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" ni Rábíù ń sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oyèníran ní kí àwọn gba ọkọ̀ mìíràn lọ, ṣùgbọ́n bàbá ní kó fọkàn balẹ̀, kí Rábíù parí iṣẹ́ rẹ̀. Oyèníran gbà. Ó bá a lára mu láti gbà. Títí dòní, ìyẹn ló ń dùn ún ju bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ dára, ó gun òkè Èfọ̀n láìmí hẹlẹ. Oyèníran di èjìká bàbá mú ní kọ́nà, ó sì rọra yí i sí ibi tó yẹ, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú bàbá ti lọ, kò sì mọ ìhà tí ó kọjú sí mọ́.

"Sọ ohun tó o rí fún mi."

Oyèníran bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìlú tí bàbá ti máa ń kà fún un láti kékeré. Bàbá gbọ́ ọ díẹ̀.

"Ọyẹ́ ti bo ibẹ̀, àbí?"

"Ó ti bò ó, Bàbá. Èmi náà ò rí nǹkan kan."

Bàbá mi orí. "Ẹ̀bi mi náà ni. Ogún ọdún ni mo fi kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi kọ́ ọ ní bọ́nẹ́ẹ̀tì." Ó na ọwọ́, ó ń wá ọkọ̀ kiri, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bà lé e.

Rábíù ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu àwọn awakọ̀. Láti ẹnu wọn ló ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wá ilé gbà àti àwọn òbí tó ń ṣe ìwádìí àna. Ibẹ̀ ni òwe kan ti ṣẹ̀ wá, tí àgbà fi ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ wo ohun tí wọ́n ti múra rẹ̀ sílẹ̀ dè é, pé: "Ọkọ̀ là ń kọ́kọ́ kí ká tó kí onílé, ara tó ti gbóná kì í jẹ́wọ́." Ìwọ náà, lọ́la, kí ẹnikẹ́ni tó tan ọkọ̀ tó wà nílé yín, gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kó o sì dúró gbọ́ ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ.