Ẹni Tí Tíṣà Pè Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ bi Tíṣà Ọláìtán. Ìbéèrè kan péré ló kù kó gba ife-ẹ̀yẹ lórí tẹlifíṣọ̀n: láàrin kòkòrò oyin, akọ ló ń ṣiṣẹ́ ni, àbí abo? Òógùn bò ó. Wọ́n ní ó lè pe ẹnì kan lórí fóònù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá.

Ó pe Ọdẹ́túndé, ọmọ tí Tíṣà máa ń nà lẹ́gba nígbà kan torí pé ó ń sá kúrò nílé-ìwé lọ wo oyin nínú igbó. Ó bi í ní ìbéèrè náà.

Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ló kù.

"Tíṣà, ẹgba yẹn dùn mí o." Ó mí kanlẹ̀. "Abo ni, sà. Akọ wọn kì í ṣiṣẹ́."

Tíṣà gba ife náà! Gbogbo ilé bú sí àtẹ́wọ́. Olóòtú ètò bi Tíṣà pé ta ló pè.

"Ọ̀gá mi ni."