Ìdodo Ife Màmá Wúràọlá

Ó kù díẹ̀ kí n fi ọlọ lọ òwe kan pa kó tó dáyé. Òwe ọ̀hún ni pé, "Ohun tí a bí kì í ṣàìní ìdodo." Gbogbo ẹnu ló ń pa á ládùúgbò wa ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá?

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Ìdí mi ṣì le, orí mi náà sì le. Ìyá ọkọ mi, Màmá Wúràọlá, a máa kó ife gíláàsì ìmutí àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jọ. Àyànfẹ́ rẹ̀ ni ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tí àpá ṣákiṣàki wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àpá yìí ha tábìlì tuntun mi. Mo bá jókòó ti ọlọ, mo ń lọ àpá náà bí ẹni ń pọ́n ọ̀bẹ, títí oorun fi gbé mi lọ. Ìmẹ́lẹ́ mi ló gbà wá là.

Àwọn tó ń kó ife àtijọ́ jọ ní ẹgbẹ́ kan. Ẹni tí ife rẹ̀ bá pẹ́ jù láyé ni olórí. Olóògbé ọkọ Màmá ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, àga rẹ̀ sì ni Màmá jókòó lé. Lọ́dún yẹn tí mo tẹ̀lé Màmá lọ sí ìpàdé wọn, Olóyè Ṣódípẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, gbé ife kan tó ń dán gbinrin wá, ó ní ti bàbá ńlá òun ni. Ó yí ife Màmá dé, ó tọ́ka sí àpá náà, ó ní àbùkù ọjà ni wọ́n tà fún opó, kí Màmá dìde lórí àga.

Màmá gba ife rẹ̀. Ó ní ẹnu ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fi ń fẹ́ gíláàsì gbígbóná di ife. Wọn a lẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọ̀pá irin títí wọn yóò fi ṣe ẹnu rẹ̀ tán, wọn a wá ṣẹ́ ẹ kúrò bí a ti ń gé ìwọ́ ọmọ, àpá rẹ̀ a sì kù síbẹ̀.

"Ohun tí a bí kì í ṣàìní ìdodo, Olóyè. Ó yá, ẹ ṣí ikùn tiyín kí a wò ó."

Wọ́n yí ti Olóyè dé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́, ojú ibi tí ẹ̀rọ òde òní ti pa á pọ̀ sì hàn láti ẹnu dé ìdí. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Olóyè fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi jábọ́. Màmá kò kúrò lórí àga náà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Lọ́jọ́ náà, èmi jó títí ìró mi fi tú.

Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ń pa òwe náà bí ẹnìkan bá ń fi àpá ara ẹlòmíràn ṣẹ̀sín, tí kò mọ̀ pé àpá ọ̀hún ni ẹ̀rí ibi tó ti wá. Àmọ́ kí ìjókòó ọjọ́ náà tó tú, Olóyè tún gbé ife Màmá, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ fínnífínní, ó wá kọjú sí mi.

"Ìyàwó, ìdodo rèé lóòótọ́. Ta ló wá ń fi ọlọ lọ ọ́?"