Ògiri Tó Mì Lẹ́yìn Yàrá Lésà

"Ẹni tó ń gúnyán kì í mọ̀ pé ògiri ń mì." Ẹ̀yin tí ẹ ń pa òwe yìí ládùúgbò wa, ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó fà á? Èmi arúgbó yìí ni, èmi tí mo gbé odó síbi tí kò yẹ odó. Ẹ jẹ́ kí n pe ara mi ní ìyá àgbà nínú ìtàn náà, kí ojú má baà tì mí jù.

Àwẹ̀ró, ọmọ ọmọ ìyá àgbà, ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná lésà ní yunifásítì. Lésà méjì ló wà lórí tábìlì rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó hóró ìrẹsì. Àkọ́kọ́ ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú okùn gíláàsì wá. Èkejì ni ẹ̀rọ fi ń tú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ a máa ru bí ìgbì odò, ìgbì èkejì sì gbọ́dọ̀ máa gòkè, kó máa sọ̀ kalẹ̀, lẹ́sẹ̀ kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Bó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ dàrú.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọkàn ní kí lésà méjèèjì bára wọn rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìyẹsẹ̀. Bí wọn ò bá lè ṣe é, Àwẹ̀ró á tún ọdún náà ṣe. Ní ìṣẹ́jú kẹjọ, ìlà ojú ẹ̀rọ gbọ̀n rìrì, ọ̀rọ̀ dàrú. Ó tún un ṣe, ó tún dàrú. Ó dín ooru rẹ̀ kù, ó di okùn rẹ̀ le, pàbó. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo aago, ó ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré. Àwẹ̀ró gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì, ló bá gbọ́ ọ nínú ọwọ́: gbì, gbì, gbì.

Ó sáré jáde sẹ́yìn ilé. Ìyá àgbà, tó tẹ̀lé e wá sí yunifásítì lọ́jọ́ náà, ti yá odó lọ́wọ́ ìyàwó ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ó gbé e ti ògiri nítorí ibòòji, ó ń làágùn, ó ń fi ìdí jó sí iyán.

"Ìyá àgbà, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Iyán ọ̀gá rẹ ni. Ẹni tó kọ́ ọmọ mi, ẹnu lásán kọ́ ni mo máa fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ gbígbóná ti dé ètè Àwẹ̀ró. Ó wo òógùn ojú arúgbó náà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, màmá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ní kókó lónìí."

Ó ṣàlàyé fún un pé odó ló ń mi ògiri, tí ògiri sì ń mi tábìlì lésà. Ìyá àgbà fi ọmọ odó sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tiẹ̀ ń rọra mí, bí ẹni pé èémí rẹ̀ náà á mi ògiri. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, ìlà kò mì. Àwẹ̀ró yege. Iyán náà ní kókó bí ojú ọ̀nà oko, àwọn àti Ọ̀jọ̀gbọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ará àdúgbò wa fi ń sọ pé ẹni tó ń gúnyán kì í mọ̀ pé ògiri ń mì, nígbà tí oore ẹnìkan bá ń ni ẹni tó fẹ́ràn lára láìmọ̀. Kì í ṣe òwe èébú. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́, kí ẹ tó ní kó dáwọ́ dúró, bí Àwẹ̀ró ṣe ṣe fún mi. Mo ṣì ń dúpẹ́ tèmi títí dòní. Lọ́jọ́ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ tán, ó yíjú sí ìyá àgbà. "Mà, wọ́n ń gbé tábìlì kan bọ̀ wá fún wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ní kì í mì. Ṣé ẹ lè wá bá wa gúnyán díẹ̀, ká fi dán an wò?"