Ẹkùn Ara Ògiri

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn gbéregbère, ó kan Ìyá Ẹtu, ó kan Ọ̀kẹ́rẹ́, ó wá kan fìtílà kan tó ti dípẹtà.

Ìyá Ẹtu ló ni fìtílà náà, ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Kò tàn mọ́. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ̀rù a máa ba òun àtàwọn ọmọ rẹ̀, torí inú yàrá tí wọ́n ń sùn ni ẹ̀pà irúgbìn wọn wà. Bí olè bá kó o, kí ni wọn yóò gbìn tí òjò bá rọ̀? Ebi ló kù!

Ó tọ Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ, ọ̀gá nínú igbá fínfín.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, jọ̀ọ́, bá mi tún un ṣe."

"Ìyá Ẹtu, ẹ fọkàn balẹ̀. N ó tún un ṣe, n ó sì fi igbá ṣe ìbòrí aláràbarà fún un. Ẹ̀pà igbá kan péré lẹ ó fún mi."

Igbá kan ló fẹnu sọ o! Gbogbo ẹ̀pà lojú rẹ̀ wà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi yanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ ha fìtílà wà-á, wà-á, títí ó fi ń dán yanranyanran. Ó fi òwú tuntun sí i. Ó fi ọ̀bẹ dá igbá lu, ó fín òdòdó yí i ká. Àmọ́ láàárín òdòdó, ó gé ẹkùn kékeré kan síbẹ̀, kò ju àtàǹpàkò lọ. Òdòdó nìkan ni Ìyá Ẹtu rí. Inú rẹ̀ dùn, ó dúpẹ́ dúpẹ́.

Ilẹ̀ ṣú. Ó tan iná, ó fi ìbòrí bò ó. Háà! Ẹkùn gbàǹgbà yọ lára ògiri, ó pọ́n bí epo! Atẹ́gùn fẹ́, fìtílà mì, ẹkùn ń rìn! Ìyá Ẹtu kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó di inú igbó, ó ń kọrin:

Ẹkùn wọlé, n ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀,
*Iná tàn, ojú ò ríran.*
Ó dúró tì mí, kò ké,
*Iná tàn, ojú ò ríran.*
Ẹkùn, Ẹkùn, kí lo wá ṣe?
*Iná tàn, ojú ò ríran.*

Kí lo wí, Àkànmú tó jókòó sẹ́yìn yẹn? Ṣé ẹkùn ni àbí kì í ṣe ẹkùn? Ìyá Ẹtu fúnra rẹ̀ ò mọ̀, ìwọ fẹ́ mọ̀! Gbe orin, jàre.

Ọ̀kẹ́rẹ́ yọ́ wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́kẹ́, ó jókòó ti ẹ̀pà. Kò mọ̀ pé Ẹkùn gan-an ti ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú igbó. "Ta ló ń pariwo orúkọ mi kiri?" Ó rí iná lókèèrè, ó tọ̀ ọ́ lọ, ó wọlé jẹ́jẹ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbójú sókè. Ẹkùn méjì! Ó nu ojú. Méjì náà ni.

"Ṣebí ẹyọ kan ni mo gé? Àbí igbá ti ya? Èwo ni tèmi nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Ó na ìka sí èyí tó sún mọ́ ọn. "Ìwọ, yàgò! Èmi ni mo fi ọ̀bẹ gé ọ!"

Ó fọwọ́ kàn án. Ó rí irun. Ṣé ògiri ń hu irun ni?

"Ìwọ lo pè mí?" ni Ẹkùn wí.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò, fìì! Ó gba ojú fèrèsé yọ, ó di orí igi. Orin Ìyá Ẹtu ló wá ń kọ níbẹ̀:

Ẹkùn wọlé, n ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀,
*Iná tàn, ojú ò ríran.*

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ẹkùn ti bá tirẹ̀ lọ; Ìyá Ẹtu padà dé, ó bá ẹ̀pà rẹ̀ nílẹ̀. Ó ṣí ìbòrí, ó rí ẹkùn kékeré láàárín òdòdó, ó sọ ọ́ di asẹ́. Fìtílà ń tàn láìsí ìbòrí lórí rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò sọ̀ kalẹ̀ sùn mọ́ títí dòní. Bí ewé bá mì, a ta gìrì, kò mọ èyí tó jẹ́ ẹkùn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá ń fi irọ́ dẹ́rù ba ọmọnìkejì, bí òtítọ́ bá dé, kò ní dá a mọ̀.

Ibẹ̀ làlọ́ mi sùn sí. Bí mo bá purọ́, kí fìtílà wa yìí kú. Ṣé ó kú?

Kò kú, Ìyá!