Bí Ọ̀wọ́n Ṣe Kúrò Nílé Tó Wọ Ọjà

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n rẹ́ jẹ, nígbà láéláé, ní ọdún tí ọ̀pẹ so jù lọ. Ẹ má gbàgbé ọdún náà. Ọ̀dá kò dá. Òjò rọ̀, ẹyìn pọ́n, èkùrọ́ sì pọ̀ nílẹ̀ bí yanrìn.

Nígbà náà, inú ihò ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé, ihò tútù kan tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́ sí ìdí ọ̀pẹ. Ìta gbangba ni Òkété ń sùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì pẹlẹbẹ bíi ti gbogbo eku.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bí. Ọ̀wọ́n ló sọ ọ́. Bí ó bá ń bọ̀ láti oko, ojú ọ̀nà ni yóò ti máa kì í: "Ọ̀wọ́n mi, ọ̀wọ́n ìyá ẹ̀, onírù gbọọrọ!"

Inú ilé nìkan ni wọ́n ti ń lo ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí ẹni tó ń pè é lọ́jà. Lọ́jà, ẹ̀kúnwọ́ olú kan ni wọ́n fi ń gba ẹ̀kúnwọ́ èkùrọ́ kan, ó parí.

Lọ́jọ́ kan, Òkété béèrè pé, "Ìyá Ọ̀wọ́n, kí ló dé tí ẹ fi ń pe ọmọ yín bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. "Òun nìkan ni mo ní. Bí mo bá wá a tì, níbo ni mo ti fẹ́ rí òmíràn? Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí n mú wá nítorí rẹ̀, mà á mú un wá."

"Ẹn-ẹ́n," ni Òkété wí. Ó ń yí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ẹni ń jẹ obì.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti ń ṣa èkùrọ́. Kò jẹ ẹ́, kò tà á. Ó ń dì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń lọ bò ó mọ́lẹ̀ lábẹ́ ewé. Kí ọjọ́ ọjà tó pé, abẹ́ gbogbo ọ̀pẹ ti mọ́ tónítóní.

Ọjọ́ ọjà yẹn gan-an ni ara Ọ̀wọ́n gbóná. Àdín tí wọ́n ń yọ lára èkùrọ́ ni wọ́n fi máa ń pa ọmọ lára kí ibà lè rọlẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ pọn ọmọ, ó sáré dé ọjà. Òkété nìkan ló pàtẹ èkùrọ́, mẹ́ta péré.

"Bàbá Òkété, ẹ̀kúnwọ́ olú rèé."

"Olú kẹ̀? Ìyá Ọ̀wọ́n, èkùrọ́ ti di ọ̀wọ́n. Mẹ́ta yìí nìkan ni mo ní. Bí ẹ bá wá a tì, níbo lẹ ti fẹ́ rí òmíràn? Ihò yín ni kí ẹ mú wá."

Àparò tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀wọ́n? Ìgbà wo lo bí èkùrọ́, ìwọ Òkété, tó o wá ń sọ ọ́ lórúkọ? Ọ̀dá ò dá, kòkòrò ò jẹ ẹ́. Kí ló mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ wú bẹ́ẹ̀?"

"Eyín ló ń dùn mí."

Èkùrọ́ kan já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó sáré kì í bọ ẹnu padà.

Gbogbo ọjà rí i. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ń gbóná lẹ́yìn ìyá rẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ kò lè dúró jà. Ó yọ̀ǹda ihò, ó gba èkùrọ́ mẹ́ta, ó yọ àdín, ó fi pa Ọ̀wọ́n láti orí dé ìrù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà lajú, ó ní ebi ń pa òun. Kò sí ilé mọ́. Ìyá rẹ̀ gbé e gun orí ọ̀pẹ.

Láti ọjọ́ náà ni Òkété ti ń gbé inú ihò, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì fẹ̀ bí àpò. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń gbé orí igi. Láti ọjọ́ náà sì ni ọ̀wọ́n ti ní ìtumọ̀ méjì. Nílé, ẹni tí a fẹ́ràn ni. Lọ́jà, ohun tí kò tó ni, tí ẹni tó ní in sì ń béèrè ohunkóhun tó wù ú lọ́wọ́ ẹni tí kò lè ṣe aláìní in. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lọ́jà, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá òjò rọ̀ lọ́dún náà.

Bí ẹ bá sì gba ìdí ọ̀pẹ kọjá, ẹ ó gbọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ lókè, Ọ̀wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pariwo: "Òkété, kó èkùrọ́ wa síta! Òkété, kó èkùrọ́ wa síta!"

Òkété wà nínú ihò. Ẹnu rẹ̀ kún.