Àgbà Tí Kò Níṣẹ́

Ọkùnrin kan wà tó ń ya àwòrán ènìyàn fún eré orí fóònù. Nínú eré náà, wọ́n á bí ènìyàn, á dàgbà, á sì gbó. Ó ya ìkókó tí ń ké, ó ya ọmọdé tí ń sáré, ó ya géńdé tí ń la igi. Nígbà tó kan àgbà, ó mú géńdé yẹn kan náà, ó kun irun rẹ̀ ní funfun, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, ó fi í jókòó sórí àga. Kò fún un níṣẹ́ kankan. Ó ní ó parí.

Kò parí. Bí irun ẹni inú eré bá ti funfun báyìí, àwọn tó ń fi fóònù wọn ṣe eré náà á pa á rẹ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìkókó. Ọ̀gá rẹ̀ pè é.

"Ọ̀gbẹ́ni, arúgbó rẹ yìí kò wúlò. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì tí kò yí padà, màá yọ ọ́ kúrò, màá sì yọ ìwọ náà."

Ìyàwó ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà, ìyá ọkùnrin náà sì ti wá bá wọn wẹ ọmọ. Ìyá rí àwòrán náà.

"Ta ni ọ̀lẹ yìí?"

"Àgbà ni, Màmá. Bíi tiyín."

"Bíi tèmi kẹ̀? Ṣé àga ló ń bá ẹ wẹ ọmọ láràárọ̀ ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà dúró wò wọ́n níbi ìwẹ̀ ọmọ. Orúnkún ń dun ìyá náà. Ó di ògiri mú kó tó jókòó sórí àpótí. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ lé e. Ó fi kànrìnkàn wẹ̀ ẹ́, ó na apá rẹ̀, ó sọ ọ́ sókè, ó hán an. Ọwọ́ yẹn kò gbọ̀n. Ìyàwó, tí ara rẹ̀ le koko, fi ọwọ́ bojú.

Ìyá ní, "Ṣí ojú, jàre. Ẹ̀rù ba èmi náà jù báyìí lọ nígbà tí wọ́n ń kọ́ mi. Wá jókòó síbí."

Ọkùnrin náà padà sídìí iṣẹ́. Kò tún ẹ̀yìn àgbà náà nà, kò sì wo orúnkún rẹ̀ sàn. Ó gbé ìkókó lé e lẹ́sẹ̀, ó sì fi abiyamọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ń kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá wò ó títí. Ó ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, mo ti sùn nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ọ̀nà ìrìnàjò. Mo mọ ilé tí wọ́n ti sọ àgbà di ẹrù. "Ṣé ẹ ti jẹun?" nìkan lò ń bi bàbá rẹ láti ọdún mẹ́ta. Oúnjẹ dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o kò mọ̀ ọ́n ṣe, tí òun mọ̀. Lọ bi í. Má sọ fún mi pé àyè ò sí.